Èéfín Tó Gba Orí Ògiri Kọjá

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé páánù tí mo fẹ́ fi ṣe ọ̀nà èéfín sí ààrò ìyàwó mi ni ó hàn sí mi pé n kò lè dákẹ́ mọ́. Amọ̀ tí mo pò mọ́ koríko gbígbẹ ti gan lára ààrò. Ó ku kí n ká páánù náà róbótó, kí n gbé e dúró lẹ́yìn ààrò, kí èéfín lè gba ibẹ̀ lọ sókè dípò kó máa yí lu ojú ẹni tó ń yan gàrí. Irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Inú mi ń dùn bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé páánù náà geere, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà ní àgọ́ ìyangàrí wa ní Lalupon la ẹnu. "Ẹ wo ọkọ bí ọkọ. Ìyàwó fẹ́ fi èéfín gàrí pa ọmọ fún un, òun náà ló tún ń mọ ààrò fún ìyàwó." Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Fàtímọ̀, ìyàwó mi, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò gbójú sókè. Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá gbé ìyìn yẹn mì, kò sí ohun tí n kò ní lè gbé mì mọ́ láyé. Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síhìn-ín, n kò bù ú kù.

Sàníù ni orúkọ mi. Èmi ni mò ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe láti Lalupon títí dé Olódò. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Èyí tó bàjẹ́ ni mo tú, tí mo jókòó tì, tí mo ń wò títí ó fi yé mi. Bí ẹ̀rọ bá ń yọ èéfín dúdú, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá ń yọ funfun, mo mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ má baà rò pé àìmọ̀kan ló mú mi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni mo ti ń fa sìgá. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ Fàtímọ̀, bàbá rẹ̀, Àáfà Yésúfù tó ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, ní àwọn kò ní fi ọmọ àwọn fún ẹni tó sọ àyà ara rẹ̀ di ààrò. Wọ́n gbé Kùránì síwájú mi. Mo gbọ́wọ́ lé e, mo búra pé mo ti fi sìgá sílẹ̀. Mo sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rọ kan ti yọ mí lẹ́nu láti àárọ̀, Àkànbí tí a jọ ń ṣiṣẹ́ na ìdajì sìgá sí mi. "Gbà, àna Àáfà," ó ní. "Fà á lẹ́ẹ̀kan, kí ojú rẹ là. Bàbá ìyàwó rẹ kò sí lábẹ́ ẹ̀rọ." Mo gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fà á ní kọ̀rọ̀. Níbi iṣẹ́, òórùn dísù, epo ẹ̀rọ, ń bò ó. Nílé, mo ní yàrá kékeré kan tí mo ń kó irinṣẹ́ sí, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo bá wọ ibẹ̀, n ó kọ́kọ́ lu irin díẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ pé mò ń ṣiṣẹ́, n ó wá ṣáná. Bí mo bá fà á tán, n ó fi dísù pa ọwọ́, n ó jẹ atalẹ̀, n ó jáde bí ọmọlúàbí. Ọgbọ́n tí mo fi ń tún ẹ̀rọ ṣe ni mo fi ń tún irọ́ ṣe.

A bí Muhsinah. Ìgbà tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ni ikọ́ mú un. Bó bá sùn, àyà rẹ̀ a máa dún bí ìgbà tí ẹnìkan ń fọn fèrè lọ́nà jíjìn. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ọmọ́ṣọlá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń fa sìgá nílé. Ẹnu mi ti dáhùn kí ọkàn mi tó débẹ̀. "Rárá o. Gàrí ni ìyá rẹ̀ ń yan." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn tó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Èéfín igi kò dára fún ọmọdé, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí irọ́ mi fi rí ẹsẹ̀ dúró. Gbogbo ojú yí sí Fàtímọ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ọmọ, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn níwájú ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ pè tán. "Má bínú, ìyá mi," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé èmi ni." Mo wà níbẹ̀. Bàtà ọmọ ni mo dì mú lọ́wọ́.

Ó fi gàrí sílẹ̀. Agbada tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, ó ní kí n bá òun tà á. Èmi ni mo dì í mọ́ ẹ̀yìn màṣíìnì mi tí mo gbé e lọ fún obìnrin kan ní Olódò. Lójú ọ̀nà, mo dúró lábẹ́ igi kan, mo fẹ̀yìn ti agbada náà, mo fa sìgá. Ẹ bá mi wo irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Nílé, Fàtímọ̀ ń fi kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú fọ orí kí èéfín lè kúrò níbẹ̀ pátápátá, títí irun iwájú orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ikọ́ náà kò lọ. Ìyá mi wá bá wa gbé kí wọ́n lè máa tọ́jú ọmọ, àwọn ló sì kọ́kọ́ fura sí Fàtímọ̀.

"Ìyàwó, níbo lo ti ń bọ̀?"

"Omi ni mo lọ pọn, mà."

"Omi wo ló ń rùn èéfín? O ṣì ń bá wọn yan gàrí ní kọ̀rọ̀. Inú ilé yìí ń rùn, imú mi kò tíì kú."

Lóòótọ́ ni ilé náà ń rùn. Òórùn mi ni. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń jẹun. Nígbà tí òjò ọdún 1993 bẹ̀rẹ̀, ìyá mi ní kí Fàtímọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ títí ara ọmọ yóò fi yá. Ó bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ mi dání, Ìyá." Wọ́n ní, "Kí o lè yan òun náà mọ́ gàrí?" Fàtímọ̀ yíjú sí mi. Bóòtù ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ mi tí mò ń nù. Mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé iṣẹ́ ńlá ni. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbé ọmọ lọ ni, ọmọ ìbá bọ́. Èmi tí mo dákẹ́ ni mo yọ ìyá tí kò ṣe nǹkan kan kúrò, tí mo fi ọmọ ti èéfín.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́, mo ṣáná. Òjò dá, oòrùn yọ lójijì, ìtànṣán kan sì gba ihò ìṣó ara páánù òrùlé wọlé, ó gùn tààrà bí ọ̀pá. Ìgbà náà ni mo rí èéfín ẹnu mi. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dé abẹ́ páánù, ó dúró bí ẹni tó ń ronú, ó wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣàn lọ bí omi inú gọ́tà. N kò ní purọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn sí i. Mò ń wò ó bí mo ṣe ń wo ẹ̀rọ. Mo ní páánù tí òjò ti mú tutù kò jẹ́ kó ríbi jáde, afẹ́fẹ́ sì ń fà á lọ síbi tó móoru. Mo fojú tẹ̀ lé e. Ilé wa kò ní àjà, ògiri tó wà láàárín yàrá irinṣẹ́ àti yàrá tí ọmọ ń sùn kò kan òrùlé. Èéfín náà gun orí ògiri, ó sì tẹrí ba sí òdìkejì. Mo gbọ́ tí Muhsinah wúkọ́.

Mo dúró bẹ́ẹ̀. Sìgá jó dé ìka mi, n kò mọ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rọ òun fẹ́ kú, tí kò sì fẹ́ ṣí i wò. Ọjọ́ náà ni mo ṣí i.

Ikọ́ náà kò dáwọ́ dúró. Ètè ọmọ ń dúdú. Mo gbé òun àti ìyá mi sórí màṣíìnì, a sáré dé ilé ìwòsàn, Ọmọ́ṣọlá náà la sì bá. Ó gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó gbé e jókòó, títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba, ó fi imú kan irun rẹ̀, ó gbórí sókè. "Irun ọmọ yìí ń rùn sìgá," ó ní. "Ta ni?" Ibi tó yẹ kí n ti sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo ti fojú ara mi rí ọ̀nà tí èéfín gbà. Ẹnu mi là, mo sì gbọ́ ohun tó ń sọ. "Ìyá mi ni. Wọ́n a máa fa tábà."

Ìyá mi kò fa tábà rí láyé wọn. Wọ́n wò mí. Ìwò náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti yé wọn kó tó tán: òórùn inú ilé, àgádágodo, Fàtímọ̀. Wọ́n yí sí nọ́ọ̀sì tí wọ́n lè bí ìyá rẹ̀, wọ́n fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Ẹ foríjì mí, nọ́ọ̀sì. Mi ò ní fà á mọ́."

"Màmá, orí yín ti funfun tó báyìí, ẹ ò ní àánú ọmọ?"

"Ẹ má bínú."

Nígbà tí a jáde, ìyá mi kò pariwo. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbọn eruku orúnkún wọn. "Mo lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílé ọkọ rẹ̀," wọ́n ní. "Mo pè é ní òpùrọ́, òórùn ọmọ tèmi sì ni mò ń gbọ́. Sàníù, ẹrù tí mo lè bá ọ rù ni mo rù nínú ilé yẹn. Èyí tó kù, gbé e lọ sí Ẹgbẹ́dá." Mo kọ́kọ́ padà wọlé lọ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n lọ bẹ ìyá mi, kí n sì gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Mo ṣe méjèèjì.

Ní Ẹgbẹ́dá, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Àáfà Yésúfù, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní, "Kùránì tí o gbọ́wọ́ lé ṣì wà lórí tábìlì yẹn. Wò ó." N kò lè wò ó. Fàtímọ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi ibi tí irun rẹ̀ ti já hàn mí. "Mo fọ orí mi títí," ó ní. "Ẹ̀ ń wò mí. Ẹ tiẹ̀ bá mi da omi sí i." Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé. Ó ní òun àti ọmọ òun kò ní wọ ilé tí sìgá wà. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Bàbá Muhsinah mọ́. Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á kàn ní, "Ẹ gbọ́."

Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ nìyí, nítorí ó lè wúlò fún ẹni tó ń ka èyí tí páálí sìgá sì wà lápò rẹ̀. Mo tú u wò bí ẹ̀rọ. Mo kíyè sí ìgbà tó ń wù mí jù: lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí mo bá ń dúró kí ẹ̀rọ tutù, nígbà tí ẹnìkan bá bí mi nínú. Mo wá ohun tí n ó fi dí ihò kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá jẹun tán, n kì í jókòó mọ́, mo ń dìde, mo ń fi pákò sẹ́nu. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo ń fi fáìlì, irin tí a fi ń ra irin, ra bóòtù tó ti dípẹtà. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé òùngbẹ sìgá kì í dúró pẹ́. Ó ń dé bí ìjì, ṣùgbọ́n kí n tó ra bóòtù kan tán, ó ti kọjá lọ. Má bá gbogbo ọjọ́ ayé rẹ jà. Bóòtù kan ṣoṣo ni kí o fi fáìlì ra. Mo ń mu omi púpọ̀. Mo fọ gbogbo aṣọ mi, mo sọ ìṣáná nù, mo sì yọ ìlẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́ kúrò pátápátá kí ẹni tó bá ń kọjá lè máa rí mi. Mo sọ fún Àkànbí pé bí mo bá bẹ̀ ẹ́, kó má fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ gba lémọ́mù lọ́wọ́ àna rẹ ni?" Nígbà tí mo sọ ohun tí mo sọ mọ́ ìyá mi fún un, ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn igi máńgòrò ló ti ń lọ fa tirẹ̀.

Mo ṣubú o. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé Muhsinah ń sá eré ní Ẹgbẹ́dá láìwúkọ́, ìtìjú bá mi, mo lọ fa ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí bẹ́líìtì bá já lára ẹ̀rọ, a kì í gbé ẹ̀rọ jù sígbó. Òmíràn ni à ń fi sí i. Ààwẹ̀ Ramadan ló wá là mí lójú. Láti kékeré ni mo ti ń gba ààwẹ̀, n kì í sì fa sìgá láti sààrì títí di ìṣínu, ara mi kò kú. Mo ní bí ara bá lè dúró de ìgbà tí oòrùn wọ̀, ó lè dúró kọjá rẹ̀. Nígbà tí a túnu, n kò ṣáná mọ́. Fàtímọ̀ wá lẹ́yìn ìtúnu. Ó wọ yàrá irinṣẹ́, ó gbóòórùn ògiri, ó gbóòórùn aṣọ mi, ó wá fi imú kan irun mi bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣe sí ti ọmọ. Ó lọ gbé ẹrù rẹ̀ wá. Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin Olódò, mo sọ ìdí tí mo fi ń wá agbada náà fún un, ó sì dá a padà.

Ṣùgbọ́n Lalupon ṣì gbà pé Fàtímọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní àgọ́ ìyangàrí lójú gbogbo wọn. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, gbogbo wọn ti gbé ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Obìnrin tó yìn mí gbé àga tirẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó ti Fàtímọ̀. "A ti bú ọ tó," ó ní fún un. Mo bẹ Fàtímọ̀, mo bẹ àwọn náà, mo sì ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹ̀yin ọmọdé, sìgá kì í dá wọlé. Ó máa ń mú irọ́ lọ́wọ́ wá, irọ́ náà ló sì máa ń wá ẹni tí yóò jẹ. Fàtímọ̀ ti mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà. "Ẹ gbọ́," ó ní, "ẹ parí iṣẹ́ yín."

Mo parí rẹ̀. Mo ká páánù, mo kàn án, mo gbé e dúró, mo fi amọ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, Fàtímọ̀ gbé agbada ìyá rẹ̀ ka orí ààrò, ó dáná. Èéfín kọ́kọ́ rìn kiri nínú ààrò bí àlejò, lẹ́yìn náà ó rí ọ̀nà, ó gba inú páánù lọ sókè tààrà, kò bojú wẹ̀yìn. Muhsinah gbé àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo fetí sí àyà rẹ̀ bí mo ṣe ń fetí sí ẹ̀rọ. Kò dún. Fàtímọ̀ fi àfọ́kù igbá bu gàrí àkọ́yan, ó gbé e sí mi, ó ṣì ń gbóná.

"Bàbá Muhsinah," ó ní, "ẹ tọ́ ọ wò."

Ohun tí mo gbà fún iṣẹ́ ààrò náà nìyẹn.