Wọ́n Fi Ìwà Ọmọlúàbí Pa Òkun Mi

Rárá, Bàbá Raliat, mi ò jẹun, ẹ sọ fún Ìyá Raliat kó má wulẹ̀ dáná nítorí mi, ohun tí wọ́n fún mi jẹ nílé-ẹ̀kọ́ lónìí kò lè dà nínú mi títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ṣáá. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, láti ilé-ẹ̀kọ́ wá sí Ìgbọ̀nà yìí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ló rẹ̀ mí, ènìyàn ló rẹ̀ mí.

Ṣé ẹ mọ Nọ́síràtù, ọmọ Táòfíkì tó ń fi páánù ṣe garawa àti àrọ ní Òkè-Fìà? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Awóníyì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, dúró níwájú gbogbo kíláàsì lónìí, ó nawọ́ sí ọmọ yẹn, ó ní òpùrọ́ ni. Ó ní kó tó di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la, àfi kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i, pé inú orí òun lòun ti hun gbogbo iye tí òun ń kọ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Bí kò bá kọ ọ́, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún o. Ó ṣáà ń wo ojú mi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí irú ojú bẹ́ẹ̀, èmi tí mo kọ́ ọ pé ohun tó bá rí ni kó kọ?

Ta ni mo tilẹ̀ ń ròyìn òkun fún? Ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé e wọ Òṣogbo? Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ gáàdì lórí rélùwéè lọ́jọ́ tí mo kó ọmọ méjìlá lọ sí Èkó, tí a pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá létí òkun, tí ẹ bá wa tò wọ́n sí wágùnù yín láìgba kọ́bọ̀. Ẹ rántí ọmọ tó fi ìka kan omi lá, tó ní ta ló da iyọ̀ sí i? Ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ti sọ fún un láti ọdún méjì pé omi òkun níyọ̀, ó kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó gba máàkì, kò sì gbà á gbọ́ rárá. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ti pa wá jẹ. Èmi Fákúnlé, ọmọ Ìwàràjà, tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án pa epo sí ẹ́ńjìnnì nínú ikùn ọkọ̀ òkun kí n tó lọ kàwé, mo wá ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ìgbì sára pátákó fún ọmọ tí kò rí omi tó ju odò lọ.

Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe é. Táòfíkì jó páánù mọ́ páánù, ó ṣe àpótí omi tó gùn tó ènìyàn tó dùbúlẹ̀, a fi ọ̀dà kun inú rẹ̀, a da òkun sí i. Àwọn ọmọ fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ abẹ́ omi, wọ́n ń ki òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ṣe é kó tó gbọ́ràn. Ẹ wá wò ó, Bàbá Raliat! Kò léfòó, kò kan ìsàlẹ̀, ó dúró ní agbede méjì omi bí àṣá tó ń wo òròmọdìyẹ. Mo ní òun nìyí, bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ tó ń rìn lábẹ́ òkun nìyí. Wọ́n tún ṣe ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn bí ìka àárín, wọ́n da òjé sí i nídìí, wọ́n fi bébà tí wọ́n fa ìlà sí sínú rẹ̀, wọ́n dí i pa. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lómi, omi á gbé ìgò yẹn sókè. Bí iyọ̀ bá dín, ìgò á rì sí i. Ojúoró ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ojúoró ní í lékè omi. Ní àràárọ̀, Nọ́síràtù á ju Ojúoró sómi, á wo ìlà tí omi dé, á kọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ìlà kẹta.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ìkẹrin. Ó wá bá mi, ó ní, tíṣà, nǹkan ń ṣe òkun. Mo ní lọ tún un wò dáadáa, ìwọ ọmọ yìí. Èmi náà ṣẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó di ìkarùn-ún, ó di ìkeje. Ó tún wá, ó ní òun ti fi ọjọ́ tò wọ́n, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì àti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Ojúoró máa ń rì jù. Èwo ni ti òkun tí iyọ̀ rẹ̀ ń dín lẹ́yìn àdúrà alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti ìsìn ọjọ́ Àìkú? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in, èmi náà rín in nígbà yẹn. Nígbà tó dé ìlà kọkànlá, ọkọ̀ abẹ́ omi wa lọ dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí bí ọ̀lẹ lọ́jọ́ oko, ibẹ̀ ló wà títí di báyìí. Alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́la wá yan iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wa máa gbé lọ sí ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá wọlé, ó wo agolo, ó wo ìwé Nọ́síràtù, ó ní Ọlọ́run ló fi iyọ̀ sí òkun láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ta ni ọmọ oníṣẹ́ páánù tí yóò wá kọ ọ́ sínú ìwé pé iyọ̀ ń tán níbẹ̀? Ó ní kí wọ́n gbé iṣu Ògúnṣẹ̀yẹ síwájú, iṣu kì í parọ́. Ògúnṣẹ̀yẹ olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn sì ń mi orí, ó ń mi orí bí aláǹgbá.

Ọdúntán, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa lóru, ló tú àṣírí fún mi lọ́sàn-án yìí. Mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, inú mi bàjẹ́, ó wá bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, a kò ṣáà jẹ́ kó dín."

Mo ní kí ni kò dín?

Bàbá Raliat, bíbù ni wọ́n ń bu òkun mi! Omi òkun tòótọ́, ní Òṣogbo, tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wọkọ̀ dé Èkó! Phebe, ìyàwó ọ̀gá, ló kọ́kọ́ fi ìgò ránṣẹ́ nítorí àdúrà ìsọjí wọn. Aáfà kan gbọ́, ó gbé búùtà wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ògúnṣẹ̀yẹ oníṣu bù ú. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu géètì bù ú, ó ní ọjà òun ti ń tà wàràwàrà láti ọjọ́ náà. Mi ò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà, ẹni tó ní omi òkun ń wẹ ibi dànù, kó wẹ̀ kó mọ́. Kí wọ́n tilẹ̀ jí i gbé ni mo wí, mi ò ní bínú tó báyìí!

Nítorí wọn kò jí i bí olè. Bí ọmọ tí a kọ́ nílé ni wọ́n ṣe jí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá bu omi àmù elòmíràn, á pọn ọ́n padà, kí onílé má bàá jí bá àmù gbígbẹ? Ohun tí wọ́n ṣe sí mi nìyẹn. Ẹni tó bá bu ìgò kan, á lọ fa ìgò kan nínú kànga, á dà á padà. Ẹni tó bu búùtà, á da búùtà padà. Ọdúntán ní òun fúnra òun ló ń dúró tì wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ tíṣà jẹ. Ẹ gbọ́ o. Bí wọ́n bá jí i lásán, òkun ì bá kù díẹ̀, ṣùgbọ́n òkun ni ì bá jẹ́, ọkọ̀ àwọn ọmọ ì bá dúró níbi tó dúró sí. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi pa á. Ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ fi kàn wọ́n? Ta ni mo fẹ́ bá jà, ẹni tó bọ̀wọ̀ fún mi?

Ẹ ní kí n sọ fún ọ̀gá. Kí n sọ kí ni? Pé ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn? Ọdúntán ti ní bí wọ́n bá pe òun, òun kò mọ nǹkan kan. Kí ni mo ní lọ́wọ́? Omi tó wà nínú àpótí ti di ọbẹ̀ aláìníyọ̀. Ta ni yóò jẹ́rìí pé Ojúoró dúró sí ìlà kẹta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí ìwé ọmọ tí wọ́n ti pè ní òpùrọ́? Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lè gbé mi lọ Èkó kó sì gbé mi padà dé kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ojúoró nìyí lápò mi, mo mú un kúrò lórí tábìlì ọ̀gá kó má bàá fọ́ ọ. Táòfíkì fúnra rẹ̀ ní kí Nọ́síràtù fọwọ́ sí ìwé náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ má bàá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn á fọwọ́ sí i lọ́la, Bàbá Raliat, kò sì ní í kọ ohun tó fojú rẹ̀ rí sílẹ̀ mọ́ láyé, ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ ni yóò máa kọ, a ó sì fún un ní sátífíkéètì.

Ẹ dúró ná. Kí ló wà lẹ́yìn rédíò yín yẹn?

Ìgò ṣìnáàpù kọ́ nìyẹn? Ẹ̀yin Mọ́ṣúdù, tí ẹ ń tọ́jú owó àtilọ Mẹ́kà? Ẹ má wo ojú Ìyá Raliat, èmi ni mo ń bi yín.

Kì í ṣe ọtí. Omi ni. Omi kí ni?

Níbo lẹ ti bù ú?

Ní Ìddó. Nínú kẹ́ẹ̀gì mi, kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí Raliat, kó lè fi wẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ. Ẹ tún yọ́ àbẹ́là dí i lẹ́nu. Ẹ̀yin náà! Kò burú. Ẹ dá mi lóhùn ibì kan péré, kí ẹ fi Ọlọ́run tí ẹ ń kírun sí dá mi lóhùn: nígbà tí ẹ bù ú tán, ṣé ẹ da omi ẹ̀rọ padà sí kẹ́ẹ̀gì fún mi?

Ẹ kò da nǹkan kan padà. Ọkọ̀ ti fọn fèrè, àyè kò sí láti ṣe ọmọlúàbí.

Áà, Bàbá Raliat. Ìyá Raliat, ẹ bá mi mú gíláàsì gígùn kan wá, èyí tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra da díẹ̀ sí i, kí n yọ Ojúoró lápò, kí n jù ú sínú rẹ̀. Ẹ máa wò ó. Ẹ bá mi kà á, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́: ìlà wo lomi dé?

Ìkẹta. Ẹ tún un kà.

Hàhàhà! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn! Gbogbo òkun tó kù ní Òṣogbo, ẹ̀yìn rédíò olè ló wà! Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí, aago méje àbọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la ni kí ẹ dé géètì ilé-ẹ̀kọ́, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù gáàdì yín, ẹ ó sọ níwájú alábẹ̀wò ọjọ́ tí ẹ bù ú, ẹ ó sọ ibi tí ẹ ti bù ú, Nọ́síràtù ni yóò sì ju Ojúoró sí i fúnra rẹ̀. Ti Raliat, èmi fúnra mi yóò lọ Èkó lọ pọn òmíràn fún un, kẹ́ẹ̀gì odindi.

Ìyá Raliat, kí lẹ fẹ́ fi omi àmù ọwọ́ yín yẹn ṣe? Pé ìgò ti dín? Ẹ jọ̀wọ́, mo fi orí ọmọ yín bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó dín bẹ́ẹ̀.