Afẹ́fẹ́ Tó Kù Nínú Bíréèkì

Nígbà tí mọ́tò ò tíì pọ̀, mo ń dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn ní Èrúwà nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà àgbà kan àti mẹkáníìkì rẹ̀, nídìí ògbólógbòó jíìpù kan tí iwájú ẹ̀ ti run.

"Bíréèkì tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wọlẹ̀ pátápátá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Lanlátẹ̀. Ìyàwó mi ò tíì lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ ló kù nínú páìpù ẹ̀ tí ò jẹ́ kó mú, Tíṣà. Mi ò tíì fà á jáde tán tẹ́ ẹ fi ní kí n dìde nídìí ọkọ̀, pé wọn ó ti sìnkú tán kẹ́ ẹ tó dé ibi ìsìnkú."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ. Ojú yín ni mo wò."



"Èmi náà ni mo fi pankẹ́rẹ́ kọ́ ọ ní kíláàsì pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn."