Sìlíńdà Tí Mo Ní Kò Léwu

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ohun tó lé lọ́dún kan. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyàwó mi, ìbáà ṣe pásítọ̀ wa. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé lẹ́tà kan wà lórí tábìlì mi tí mo gbọ́dọ̀ kọ parí kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Mo kọ ọ́ dé ìlà kẹrin, ọwọ́ mi kọ̀ láti lọ. Ẹ ó gbọ́ ohun tó wà ní ìlà kẹrin yẹn tí a bá débẹ̀.

Festac ni mo gbé dàgbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, ilé tí wọ́n gbà nígbà náà la ṣì ń gbé. Èmi ò ríṣẹ́ ìjọba ṣe bíi tiwọn. Gáréèjì àwọn kórópe, ọkọ̀ èrò kéékèèké tó ń ná Alákijà, ni mo ti ń jẹun, èmi ni akọ̀wé wọn. Èmi ni mo ń kọ ìwé tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀, orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣáájú, òun náà ni yóò kọ́kọ́ gbé èrò. Ní gáréèjì wa, ẹnikẹ́ni kì í yọjú wo ìwé tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá ní kí òun wò ó, bí ẹni pé ó pe akọ̀wé ní olè ni, ìjà ló máa ń dà. Ohun tí mo bá kà síta ni gbogbo wọn ń gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Bọ̀dá Mùfú. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti tán lọ́wọ́ ìdílé wọn, kórópe kan ṣoṣo ni wọ́n ní láyé. Wọ́n fẹ́ràn láti máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Akọ̀wé, ilẹ̀ bàbá mi ni ìjọba kọ́ ilé bàbá ẹ lé. Láńlọ́ọ̀dù ẹ ni mí o. Dọ̀bálẹ̀ kí o tó kí mi."

"Bọ̀dá, ẹ lọ bá ìjọba. Àwọn ló kó mi wá."

A ó wá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá mi kú, Bọ̀dá Mùfú ló fi kórópe yẹn gbé gbogbo àlejò wa lọ bọ̀ láti àárọ̀ títí tí a fi sìnkú tán.

Nígbà tí bẹ́tiróòlù wọ́n gógó, tí àwọn awakọ̀ ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ìjọba ní àwọn yóò ran àwọn ọlọ́kọ̀ èrò lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn yóò so gáàsì mọ́ ọkọ̀ èrò lọ́fẹ̀ẹ́, kó má lo bẹ́tiróòlù mọ́. Ọkọ̀ èrò nìkan ló kàn. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ilé, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án. Àyè mẹ́wàá ni wọ́n fún gáréèjì wa. Alága wa ní kí a má jà, kí a tẹ̀lé ìwé tọ́ọ̀nù àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni yóò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bọ̀dá Mùfú ti ibi ìrun àsùbáà wá tààrà, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló ṣe ẹnì kẹwàá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ orúkọ wọn.

Ọkọ̀ ilé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo gbé dúró torí epo. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti kùn ún ní yẹ́lò, mo fa ìlà dúdú méjì sí i lára bíi tákísí. Nígbà tí mo ń da orúkọ kọ sórí ìwé tí a máa fi ránṣẹ́, mo kọ mẹ́sàn-án bó ṣe wà. Ní ìkẹwàá, mo kọ orúkọ mi. Kì í ṣe pé ebi ń pa mí. N kò ní fi irọ́ kún irọ́. Ojú kòkòrò ni.

Mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń nu gíláàsì ọkọ̀.

"Bọ̀dá, wọ́n ní ọkọ̀ yín ti gbó jù. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò lè gba gáàsì."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Nọ́ńbà ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀. Wọ́n ní kí n fi tèmi dí àyè náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìjọba yìí mà ṣe fún mi o. Wọ́n gba ilẹ̀ mi, wọ́n tún ń pe ọkọ̀ mi ní arúgbó." Wọ́n ń nu gíláàsì wọn lọ. Wọn ò ní kí n mú ìwé wá.

Níbi tí wọ́n ti so gáàsì mọ́ ọkọ̀ mi, mẹ́káníìkì tó ṣe é pè wá jọ, ó kọ́ wa. Ó ní sìlíńdà gáàsì ọkọ̀ kì í ní ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, odidi irin kan ni. Ó ní ti gáàsì ìdáná ni wọ́n máa ń jó pọ̀ lágbedeméjì, agbára gáàsì ọkọ̀ sì ju ohun tí ìyẹn lè gbà lọ. Ó ní ẹni tó bá rọ gáàsì ọkọ̀ sínú ẹ̀, bọ́ǹbù ló gbé sẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo tilẹ̀ bi í ní ìbéèrè.

Kò ju oṣù kan lọ tí Bọ̀dá Mùfú fi gbé ọkọ̀ wọn dé, inú wọn ń dùn. Wẹ́lídà kan tó ń jó irin lọ́nà Satellite Town ló bá wọn so gáàsì mọ́ ọn. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Akọ̀wé, ìwọ lo ti débẹ̀. Bá mi wò ó. Ṣé bí tiyín ṣe rí nìyí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀dà funfun tuntun ni wọ́n fi kùn ún. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo fi ìka wá a kiri. Mo bá ojú ibi tí wọ́n ti jó o, ó yí agbedeméjì rẹ̀ ká bí ìgbànú.

Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ inú mi ni pé tí mo bá ní kò dáa, wọ́n á ní kí a jọ lọ bẹ àwọn ìjọba. Tí a bá débẹ̀, wọ́n á mú ìwé orúkọ jáde. Mo nàró, mo gbọn ọwọ́ mi.

"Ó dáa, Bọ̀dá. Kò léwu."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ẹ, Akọ̀wé."

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn ni. Ọ̀sán gangan. A gbọ́ ìró kan ní gáréèjì, a rò pé táyà tírélà kan ló bẹ́. Sìlíńdà Bọ̀dá Mùfú ló bẹ́. Wọ́n ń rọ gáàsì lọ́wọ́ ni, wọ́n dúró sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Kò sí èrò nínú ọkọ̀. Ẹni tó ń rọ ọ́ fún wọn fara pa, ṣùgbọ́n ó yè é. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Bọ̀dá Mùfú lórúnkún. Ojú Bọ̀dá méjèèjì sì fọ́.

Èmi ni mo ń gbé wọn lọ sí ọsibítù títí di òní. Ọkọ̀ mi yẹn ni mo fi ń gbé wọn. Iwájú ni wọ́n máa ń jókòó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé etí sílẹ̀ títí a fi kọjá àdúgbò Raji Rasaki, wọ́n wá ní, "Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò pariwo rárá. Ọlọ́run ṣe é fún ẹ, Akọ̀wé." Mo ń wa ọkọ̀ lọ. Tí àwọn èèyàn bá wá kí wọn, wọ́n á ní, "Ẹ má bá Akọ̀wé wí o. Wẹ́lídà ló tan àwa méjèèjì jẹ." Ìyàwó wọn, Ìyá Sàrátù, á gbé oúnjẹ fún mi. Mo ń jẹ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ tí mo bá kọ̀ ọ́?

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló kù. Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ wo ọ̀ràn àwọn tí gáàsì ọkọ̀ ṣe léṣe. Bọ̀dá Mùfú ní kí n bá àwọn kọ ọ́, kí àwọn wá tẹ̀ka sí i. Wọ́n pè é fún mi lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlà kẹrin nìyí: "Mo wà lára ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ní ọkọ̀ mi ti gbó jù."

Tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba á wo ìwé tiwọn, wọn ò ní bá orúkọ Mùfú níbẹ̀. Òpùrọ́ ni wọ́n á pè wọ́n, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Tí mo bá kọ òótọ́ síbẹ̀ láìsọ fún wọn, àwọn àjèjì á kà á kí ẹni tó ni ojú àti ẹsẹ̀ tó gbọ́. Tí mo bá lọ jókòó tì wọ́n, tí mo sọ ọ́ lẹ́nu, ta ni yóò tún máa gbé wọn lọ sí ọsibítù? Ta ni yóò kù fún wọn? Mo mọ̀ pé ẹ lè ní ara mi ni mò ń ro. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ èyí tó jẹ́ ìfẹ́ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀rù nínú mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe búburú rí tí ẹ sì jáde nínú ẹ̀, kí ni kí n kọ sí ìlà yẹn? N kò bẹ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ti ra yíǹkì ìtẹ̀ka, ó wà lápò mi. Bọ̀dá Mùfú á na àtàǹpàkò wọn sí mi, èmi ni yóò di ọwọ́ náà mú lọ sórí ìwé. Wọn ò ní bi mí ní ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ojú wọn là kedere pàápàá, wọn ò wo ìwé mi rí.