Orin Tí Kò Rí Orúkọ

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀ fún alágbádá nígbà yẹn. Mò ń dúró de káàdì ìgbéyàwó mi nílé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, nígbà tí mo gbọ́ ohun tí màmá kan àti ọ̀gá ìtẹ̀wé ń bá ara wọn sọ nípa páálí káàsẹ́ẹ̀tì tí màmá náà fẹ́ tún tẹ̀.

"Màmá, irú orin wo la máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ṣé fújì ni àbí jùjú?"

"Kì í ṣe ìkankan níbẹ̀. Ọmọ mi kàn máa ń jókòó sí yàrá ẹ̀ ní Ladi-Lak ni, á máa ta gìtá, á máa kọrin jẹ́jẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú kọ orin ẹ̀mí. Ìyẹn ló ń tà."

"Ẹ má dán an wò! Ohun tí àwọn tó tẹ ti àkọ́kọ́ kọ sára rẹ̀ nìyẹn, torí pé ó wọ aṣọ funfun nínú fọ́tò. Àwọn tó rà á dá a padà, wọ́n ní kò dárúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n pè é ní oníjìbìtì. Kò fọwọ́ kan gìtá mọ́ títí tó fi kú."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣùgbọ́n tí a ò bá kọ nǹkan kan, àwọn tó ń tà á ò ní mọ ibi tí wọ́n máa tò ó sí."

"Èmi gan-an ò mọ̀. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé, 'Irú orin wo lò ń kọ gan-an?' Á ní, 'Màámi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.'"

Màmá náà fọwọ́ kan páálí náà.

"Ìgbà tí a sin ín tán ni mo tó gbọ́ ọ."