Ẹnjíìnì Tí Màmá Abẹ́òkúta Gbàdúrà Sí

[Fóònù dún. Ariwo òòlù lórí pákó.]

AKÍNDÈJÌ: Hẹ́lò, Táòfíkì! Dobcross ńkọ́?

TÁÒFÍKÌ: Ẹ káàsán, bọ̀dá mi. Òtútù ni o. Mọ́tò Chevelle yín wà nínú garage mi níbí, ẹnu ẹ̀ yà sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ, ẹnjíìnì ló ń dúró dè. Ṣé ó ti dé?

AKÍNDÈJÌ: Ó ti dé. Mo ń tú pákó ara rẹ̀ lọ́wọ́, ní backyard wa ní Levenshulme.

TÁÒFÍKÌ: Ẹnjíìnì 454 tá a jọ fẹnu kò sí?

AKÍNDÈJÌ: Ọmọlará ìyàwó mi ń kí ẹ.

TÁÒFÍKÌ: Bọ̀dá—

AKÍNDÈJÌ: 572 ni.

TÁÒFÍKÌ: Háà! Èyí tó fi púpọ̀ tóbi ju 454 lọ?

AKÍNDÈJÌ: Bọ̀wálé ará Ramsbottom ti gbé 454 sínú Chevelle tiẹ̀. Ṣé kí èmi náà wá ra ẹgbẹ́ rẹ̀ ni?

TÁÒFÍKÌ: Tẹ́ ẹ bá fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo petrol station ojú ọ̀nà lẹ máa kí.

AKÍNDÈJÌ: Ìyẹn kọ́ ni wàhálà mi. Màmá ti rí i.

TÁÒFÍKÌ: Màmá wo?

AKÍNDÈJÌ: Ìyá ìyàwó mi. Wọ́n ń padà sí Abẹ́òkúta lọ́la. Wọ́n rí ẹnjíìnì, wọ́n kúnlẹ̀ ní backyard, wọ́n bú sẹ́kún.

TÁÒFÍKÌ: Ẹkún kẹ̀?

AKÍNDÈJÌ: Ẹkún ayọ̀. Wọ́n rò pé jẹnẹrétọ̀ ni mo rà fún àwọn.

[Ẹ̀rín.]

AKÍNDÈJÌ: Má rẹ́rìn-ín! Wọ́n ti gbàdúrà fún mi títí ohùn wọn fi há. Wọ́n ti pe pásítọ̀ wọn nílé. Àwọn oníkọ̀ntínà wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Èkó. Ṣé o gbọ́ mi?

TÁÒFÍKÌ: Ẹ sọ fún wọn pé—

AKÍNDÈJÌ: Kí n sọ kí ni? Ẹni tó fún mi níyàwó? Kí n ní, “Màmá, ẹ má bínú, nǹkan ìṣeré mi ni”?

TÁÒFÍKÌ: Kò lè tan gílóòbù kan ṣoṣo! Kò sí ohun tó ń ṣe iná lára—

AKÍNDÈJÌ: Màmá ń bọ̀!

MÀMÁ: Bàbá Yéwándé, àna rere! Ẹ tan án kí n gbọ́ ohùn ẹ̀. Kí wọ́n má lọ gbé òkú irin dé Abẹ́òkúta.

AKÍNDÈJÌ: Ẹ̀n, Màmá... Táòfíkì, ṣé o gbọ́?

TÁÒFÍKÌ: Mo gbọ́. Exhaust tó ń dín ariwo kù wà lára rẹ̀?

AKÍNDÈJÌ: Kò sí.

TÁÒFÍKÌ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tan án.

AKÍNDÈJÌ: Orí ẹ pé ṣá?

TÁÒFÍKÌ: Ẹnu yín kò gbọdọ̀ já àna kulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnjíìnì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣé ó dúró gbọn-in?

AKÍNDÈJÌ: Wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ férémù irin. Mo ti rọ ọ́ílì sí i.

TÁÒFÍKÌ: Ẹ fi sípánà ńlá yí i lọ́wọ́ ná, kí ọ́ílì rìn kára. Ẹ rọ petrol ife kékeré kan sí carburettor. Bátìrì sí kọ́ìlì, kí plug lè tanná. Lẹ́yìn náà, sítátà. Kò sí omi nínú ẹ̀, àmọ́ tí ife petrol yẹn bá ti tán, á kú fúnra rẹ̀ kó tó gbóná. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AKÍNDÈJÌ: Fóònù ń já díẹ̀díẹ̀... Ó ti yá. Màmá, ẹ sún sẹ́yìn.

MÀMÁ: Kí n sún sẹ́yìn fún ẹ̀bùn mi?

[Ẹnjíìnì bú ramúramù. Ajá ń gbó. Alámù mọ́tò àdúgbò ń ké. Àwo fọ́. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.]

TÁÒFÍKÌ: Bọ̀dá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AKÍNDÈJÌ: Mi ò gbọ́ nǹkan kan! Iná yọ lára ẹ̀! Táòfíkì, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin! Bọ̀wálé máa ṣàìsàn!

TÁÒFÍKÌ: Màmá ńkọ́?

MÀMÁ: Bàbá Yéwándé! Kí leléyìí? Ibo ni mo ti fẹ́ gbàdúrà òru? Àdúgbò á ní ogun dé! Ẹ dá àwọn oníkọ̀ntínà padà. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi.

AKÍNDÈJÌ: Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá! [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Ó di tèmi!

TÁÒFÍKÌ: Mo ń mú ọkọ̀ bọ̀—

MÀMÁ: Ẹ ra èyí tí kì í pariwo, kékeré.

AKÍNDÈJÌ: Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

MÀMÁ: Méjì. Títóbi eléyìí ni mo wò tí mo fi ṣèlérí fún pásítọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì á máa fa iná lára tèmi. Kékeré kan ò lè dá a gbé.

TÁÒFÍKÌ: Bọ̀dá, ká ní 454 lẹ rà—

AKÍNDÈJÌ: Táòfíkì, ṣé o gbọ́ mi?

TÁÒFÍKÌ: Ketekete.

AKÍNDÈJÌ: Èmi ò gbọ́ ẹ o! Ṣáà máa bọ̀ wá gbé e, kí Màmá tó ní kí n ra ẹ̀kẹt—

[Fóònù já.]