Ọ̀dà Tí Mo Fi Bo Ògiri Tútù

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo gbé e mì títí, kò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣe, mi ò sì mọ èwo ni kí n ṣe.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè mi ní Jonesboro níbí, ní Amẹ́ríkà, kò sí iṣẹ́ ilé tí ọwọ́ mi ò mọ̀. Táìlì ni, ọ̀dà ni, páìpù ni. Àwọn tó gba degree, ńṣe ni wọ́n máa ń dúró wò mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Enjiníà ni wọ́n ń pè mí, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Nígbà tí omi òjò ya wọ ilé àwọn èèyàn ní àdúgbò wa, ilé Mummy Àlàbá wà lára wọn. Opó ni Mummy, àgbà ni nínú ìjọ wa. Iṣẹ́ cargo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe ní airport kí wọ́n tó ra ilé náà. Omi dé orókún nínú yàrá rẹ̀. Ìjọ ní kí n bá a tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.

A gbọ́n omi jáde, a fọ ilẹ̀, a ṣí fèrèsé sílẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó gbẹ. Ọmọ Mummy tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Douglasville bá mi níbẹ̀.

"Uncle, neighbor Mummy gé ìsàlẹ̀ ògiri tiẹ̀ dànù o. Ṣé ẹ ò ní gé tiwa ni?"

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ ni kí o máa gún. Ògiri kì í ṣe ìdí aláìsàn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo kun ọ̀dà lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ní Òṣogbo tí mo ti kọ́ṣẹ́, búlọ́ọ̀kù ni ògiri. Tí omi bá wọlé, oòrùn á gbẹ ẹ́, èèyàn á kùn ún, ó parí. Ògiri ti ibí, bébà àti ẹfun ni. Inú rẹ̀ ṣófo, òwú ni wọ́n kì sí i nítorí òtútù. Òwú yẹn ló mu omi mọ́ra. Mi ò mọ̀ nígbà náà.

Bó bá jẹ́ àìmọ̀ nìkan ni, ǹ bá má kọ ọ́ rárá.

Kò pẹ́ sí i ni a tú ògiri kan ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní College Park, tí ẹnì kan ti kùn bíi tèmi. Inú rẹ̀ ti bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Òórùn rẹ̀ lé wa jáde. Ọ̀gá iṣẹ́ ní kí a fi nǹkan bo imú, pé ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró èèyàn jẹ́. Ọkàn mi lọ sí yàrá Mummy lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ilé tí wọ́n pè mí sí, mo ń gé ògiri wọn. Ti Mummy nìkan ni mi ò padà sí. Torí kí ni? Torí pé Mummy ti jẹ́rìí níwájú ìjọ, ó dárúkọ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì dìde kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Tí mo bá wá lọ fọ́ ògiri yẹn, kí ni nọ́ọ̀sì máa sọ?

Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu, ikọ́ ò lọ. Ó ní àwọn ará ilé ọkọ òun ló ń bá òun jà. A gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àmín tèmi ló ròkè jù.

Tí ó bá lọ sùn sílé ọmọ rẹ̀, ikọ́ náà á rọlẹ̀. Wọ́n ní ọ̀tá ò mọ ọ̀nà Douglasville. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Enjiníà mi, nǹkan dúdú kan ń yọ lára ògiri yàrá mi. Wá bá mi fi ọ̀dà pa á rẹ́ ní Sátidé. Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán. Màá se ìrẹsì dè ọ́."

Mo ní, "Yes, Mummy."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n fọ́ ògiri náà kí n parọ́ pé páìpù ló jò? Àbí kí n dọ̀bálẹ̀ níṣojú ọmọ rẹ̀, kí n sọ pé èmi gan-an ni ọ̀tá tí a ń gbààwẹ̀ lé lórí? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà. Àdúrà ni mo ti fi ń bò ó láti ọjọ́ yìí.

Ọ̀dà wà nínú trunk mọ́tò mi. Òòlù náà wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé.