AA Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi. Èmi Ayọ̀kànmí ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra mọ́. Wọ́n ní àwọn ará ilé ọkọ Fàrídà ń wá àjẹ́ tó ba ayé ọmọ wọn jẹ́ kiri. Kí wọ́n má wá a mọ́. Èmi rèé.

Àǹtí Mabel, tó ni ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Sùúrùlérè, ló ní kí èmi àti Jude ọ̀rẹ́ mi ṣe áàpù tí wọn yóò máa kó èsì sí. Páítìn, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́. Dátábéèsì tí èsì ń wọ̀ sí wà nínú kọntéínà, ìyẹn àpótí kan tí a pààlà fún nínú kọ̀ǹpútà kí nǹkan mìíràn má baà dí i lọ́wọ́. Èmi yìí náà ni mo sọ fún Àǹtí Mabel pé kí wọ́n jáwọ́ nínú kíkọ sínú ìwé, pé ayé ti kọjá ìyẹn. Agbéraga lásán-làsàn!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní kí n gbé áàpù náà sínú kọntéínà tirẹ̀, kí n lè fi yangàn fáwọn ẹgbẹ́ mi ní Yábà. Bó ṣe wọlé báyìí, kò rí dátábéèsì mọ́. Àdírẹ́sì tí mo kọ fún un tẹ́lẹ̀ ni pé inú ilé kan náà ni wọ́n jọ wà, bẹ́ẹ̀ ó ti kó kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ara rẹ̀ ló ń kàn, mi ò mọ̀. Ká ní mo fara balẹ̀ ni, orúkọ kọntéínà kejì ni ǹ bá kọ síbẹ̀. Àǹtí Mabel ń pariwo níta pé, "Ayọ̀kànmí, àwọn èèyàn ń dúró o!" Inú bí mi. Mo pa kọntéínà méjèèjì rẹ́ kí n lè tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò rántí pé mi ò fún dátábéèsì ní fóòdà kankan níta, pé inú àpótí yẹn ni gbogbo èsì ń gbé. Àpótí lọ, èsì bá a lọ. Mo gbé!

Wọ́n ti da ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà nù. Ó yẹ ká bẹ àwọn tí ò tíì gba èsì, ká tún ẹ̀jẹ̀ wọn gbà. Jude ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àwọn AA ló pọ̀ jù láyé yìí. Tẹ AA fún gbogbo wọn, ta ló máa mọ̀?" Mo gbọ́ tirẹ̀. Mo da àwọn AA irọ́ náà pọ̀ mọ́ èsì tuntun tó ń wọlé, kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Fàrídà, ọ̀kan lára àwọn tí èsì wọn ti lọ, wá gba èsì jẹnotáìpù tòun ti Teslim, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àlùfáà ní òun ò ní so yìgì wa láìrí i o." Mo lè sọ òtítọ́ níbẹ̀. Mo lè ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Mo wò ó lójú, mo tẹ ìwé méjì jáde: AA fún un, AA fún Teslim. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n fẹ́ra wọn, àṣé AS làwọn méjèèjì. Ummulkhair ọmọ wọn, fòníkú-fọ̀ladìde ni. Mo bá wọn pàdé nílé ìwòsàn tí mo ti lọ kí aláìsàn. Ọmọ ń joró, ìyá kàn ń fọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀ ni. Ó ní Teslim ti lé òun jáde, ó fẹ̀sùn kan òun pé òun ra ayédèrú èsì kóun lè rílé ọkọ. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Kò ṣépè. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwa mélòó lẹ ṣe é fún?"

Mi ò mọ̀. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún Teslim. Ó ní kí n kọ́kọ́ gba ìrora kúrò lára ọmọ òun ná. Àǹtí Mabel ti ilẹ̀kùn ilé àyẹ̀wò pa, ó ń sunkún. A ò mọ èsì tó jẹ́ òótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí mo hùmọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bó bá jẹ́ Sùúrùlérè lẹ ti gba AA yín, ẹ lọ tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.